Ọyàn Kò Gbẹ, Ọwọ́ Ló Wọ́n: Abiyamọ Nígbà Kónílé-ó-gbélé

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn abiyamọ, àwọn ọkọ wọn àti àwọn ìyá àgbà ní Ìkòròdú, nínú Ọ̀sẹ̀ Ìfọ́mọlọ́yàn Àgbáyé. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà, mo sì yọ ibi tí ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ti ń han mọ́ wa létí kúrò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ tẹ̀lé aya yín wá, ẹ kú àdúrótì. Ẹ kò pọ̀, àmọ́ ẹ pọ̀ ju ti èṣí lọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ jókòó síwájú, mo júbà. Mo mọ̀ pé nínú yín, ó kéré tán, ẹnìkan wà tí ìgò àgbo ọmọ wà nínú báàgì rẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bá mi wí.

Ẹni tó bá bímọ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ọdún 2020, kó jọ̀wọ́ nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun. Ẹ wo bí ọwọ́ ṣe pọ̀ tó! Àwọn ọmọ yẹn ti wọ ilé ìwé báyìí, wọ́n ti ń bá wa jiyàn. À ń pè wọ́n ní ọmọ Kòrónà, à ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rántí pé a jókòó rí ká bi àwọn ìyá wọn pé báwo lẹ ṣe fún wọn lọ́yàn. Alaalẹ́ ni NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ń ka iye ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lárùn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Èkó ló sì sábà máa ń ṣíwájú. Ta ló ka abiyamọ tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́ta òru, tí ọmọ ń ké, tí orí ọmú ti bó, tí kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé, "Gbé e wá, lọ sùn díẹ̀"?

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ìlú yìí ni mo sì wà ní gbogbo àkókò yẹn. Ohun tí mo bá wá kò gùn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Kòrónà ló ba ìfọ́mọlọ́yàn jẹ́ lọ́dún náà, pé ìpayà mú kí ọyàn gbẹ lára àwọn obìnrin. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọyàn wà. Èèyàn ló wọ́n láyìíká abiyamọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi ohun tí mo rí gbè lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí ẹni àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́nu iṣẹ́. Yaba ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni Ààrẹ Buhari bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, Èkó, Ògùn àti Àbújá ti di títì pa. Wọ́n ní ọjọ́ 14 ni. Wọ́n tún fi 14 mìíràn lé e. Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kò ṣí títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje.

Ọ̀nà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ yẹn ló dùn wá jù níbí. Ẹni tó ń gbé Sùúrùlérè lè má mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ìkòròdú, Ògùn ló wà lẹ́yìnkùlé wa. Ìyá wà ní Ṣàgámù, ìyá ọkọ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìkẹ́nnẹ́. Bí obìnrin bá bí láàárọ̀, ìyá rẹ̀ á ti sọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú òrí, àdí, kànhìnkànhìn tuntun àti ẹja gbígbẹ. Òun ni yóò wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ, yóò po ẹ̀kọ mímu, yóò sì lé àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Lọ́dún yẹn, ọlọ́pàá ló dúró lójú ọ̀nà Ṣàgámù.

Ìyàwó kékeré kan wà ní Igbógbó, àkọ́bí rẹ̀ ni, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti di ẹrù sílẹ̀ ní Ṣàgámù láti ìgbà tí oyún ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹrù náà kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Orí WhatsApp ni ìyá yìí ti wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyàwó kò lè bẹ̀rẹ̀ nítorí ojú abẹ, ọkọ ló jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ìyàwó ń gbé fóònù dání lókè orí wọn, ìyá sì ń kígbe láti Ṣàgámù: "Gbé orí rẹ̀ sókè! Má jẹ̀ẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ létí! Bàbá ọmọ, ọwọ́ yín le jù!" Dátà wọn tán nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lórí ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọkùnrin yẹn mọ ọmọ wẹ̀ ju ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin obìnrin lọ lónìí.

Ṣùgbọ́n ìwẹ̀ ṣeé kọ́ lórí fóònù. Ọyàn fífún kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé kọ́ níbẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ la ẹnu gbàgà, kó gba apá dúdú tó yí orí ọmú ká sẹ́nu. Àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọyàn, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, ikùn rẹ̀ á dojú kọ ikùn ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó orí ọmú nìkan ló gbá mú, yóò fà á títí, wàrà kò ní wá bó ṣe yẹ, orí ọmú á sì bó. Ìyá àgbà tó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà á rí i lẹ́ẹ̀kan náà tó bá wọ yàrá. Kò ní sọ nǹkan kan, á kàn fi ìka kan tẹ àgbọ̀n ọmọ sísàlẹ̀, á sì ti ọmọ sún mọ́ ìyá rẹ̀. Èyí kì í hàn lórí fóònù, pàápàá níbi tí ọwọ́ ẹni tó gbé fóònù ti ń gbọ̀n. Ìyàwó Igbógbó yìí ń fún ọmọ lọ́yàn tẹkún-tẹkún kó tó di pé mo rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí: "Nọ́ọ̀sì, ṣé Kòrónà ò ní gba inú ọyàn wọ ọmọ lára?" Àwọn kan nínú ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí pé ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Àwa elétò ìlera fúnra wa la ti ń wí fún wọn láti ọdún gbọọrọ pé kòkòrò HIV lè gba inú ọyàn dé ara ọmọ. Òótọ́ sì ni, bí ìyá kò bá lo oògùn. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, a tún gbọ́ pé kí ìyá tó bá ní i má fún ọmọ lọ́yàn, nítorí wọ́n ti rí kòkòrò náà nínú wàrà. Ẹni tó ti gbọ́ méjì yìí, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní bẹ̀rù ìkẹta?

Kòrónà kò rìn bíi tiwọn. Èémí ló ń bá rìn: ikọ́, sísín, kí ẹni méjì máa sọ̀rọ̀ ní tòsí ara wọn. Àwọn onímọ̀ yẹ wàrà àwọn ìyá tó ní àrùn náà wò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n rí àjákù kòkòrò náà níbẹ̀, àmọ́ wọn kò rí ẹ̀rí pé ọmọ ń tipa ọyàn kó o. Wọ́n tún rí ohun mìíràn, èyí tó yẹ kí rédíò ti pariwo ju bó ṣe pariwo rẹ̀ lọ: ara ìyá tó ti bá Kòrónà jà a máa kó ohun ìjà náà sínú wàrà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní IgA, tó máa ń dáàbò bo ẹnu, ọ̀fun àti ìfun ọmọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, tí ti AstraZeneca kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n rí irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ nínú wàrà àwọn ìyá tó gba abẹ́rẹ́. Ní Sábó níbí, ohun tí mo gbọ́ ni pé abẹ́rẹ́ náà ń gbẹ ọyàn. Àwọn onímọ̀ kò rí ẹ̀rí pé ó ń gbẹ ọyàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí WHO, kò yí ohùn padà láti oṣù kẹta ọdún 2020: kí ìyá tó ní in, tàbí tí a fura sí, máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn, kó wọ ìbòmú, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ. Wọn kò ní kó máa fọ ọyàn ní gbogbo ìgbà, àfi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́ sí àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bá wa, a sì fẹ́ ṣe àṣejù. Mo rí ẹni tó ń fi sanitáísà nu orí ọmú kó tó fi sí ọmọ lẹ́nu. Ọtí ló wà nínú sanitáísà. Awọ ibẹ̀ gbẹ, ó sán, ẹ̀jẹ̀ yọ, ọmọ sì ń ké nítorí adùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Obìnrin yẹn sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti kọ ọyàn." Ọmọ kò kọ ọyàn, sanitáísà ló kọ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti ṣe ìjàǹbá jù ni ibi tí wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ní Ṣáínà níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, wọ́n ń ya ìyá tó lárùn kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tuntun. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí àjọ CDC wọn gbé jáde ni pé kí ilé ìwòsàn ro irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Àwọn ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ wa náà ṣe é. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la wà nínú òkùnkùn nígbà náà.

Mo bá ìyá kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó ń wúkọ́, pé kí èsì àyẹ̀wò kọ́kọ́ dé. Èsì kò tètè dé, ẹ̀yin náà rántí bó ṣe rí. Ó ní nígbàkígbà tí ọmọ ẹlòmíràn bá ké ní wọ́ọ̀dù kejì, ọyàn òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro, wàrà á sì máa dà sára aṣọ. Àwọn àgbà ti wí i: abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Etí nìkan kọ́ ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹkún ọmọ, òórùn ọmọ, àní kí ìyá kàn ronú kan ọmọ, a máa mú kí ọpọlọ tú họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní oxytocin sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń fún àwọn àpò kéékèèké inú ọyàn pọ̀ kí wàrà lè jáde. Wàrà obìnrin yìí pọ̀ débi pé ó ń ṣòfò sára aṣọ ilé ìwòsàn, mílíìkì inú agolo ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ lódì kejì ògiri. Kò sí ẹni tó jókòó tì í kó fi bí wọ́n ṣe ń fún wàrà sínú ife hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, kò gba ẹ̀rọ kankan. Fọ ọwọ́. Gbé ife tó mọ́ sísàlẹ̀ ọyàn. Àtàńpàkò wà lókè, ìka méjì wà nísàlẹ̀, ní etí apá dúdú. Ti ọwọ́ náà sẹ́yìn sí àyà, fún un pọ̀, tú u sílẹ̀. Sẹ́yìn, fún un, tú u sílẹ̀. Má fa orí ọmú, má sì jẹ̀ẹ́ kí ìka yọ̀ lórí awọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó lè jẹ́ ẹ̀kán mélòó kan péré, ó tó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé kì í mu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oje àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó pọ́n rúsúrúsú tí àwọn kan ń dà nù pé ó dọ̀tí, òun gan-an ni ohun ìjà pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Wàrà tí a bá fún sínú ife tó ní ìdérí lè wà fún wákàtí mẹ́rin nínú yàrá tí kò móoru púpọ̀. Nínú fíríìjì ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin, bí iná bá wà, ọ̀rọ̀ tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ń mú iná lọ. Ife àti ṣíbí ni kí ẹ fi fún ọmọ. Ìgò fíìdà ṣòro fọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, WHO gbé ìṣirò kan jáde lórí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé àti àwọn tó kéré jù nígbà tí wọ́n bí wọn. Bí ìyá bá ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà, ara sí ara, tó sì ń fún un lọ́yàn, ẹ̀mí tó lé ní 125,000 ni ó lè là. Iye tí Kòrónà lè pa nínú wọn nítorí pé wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn kò tó 2,000. Ẹ fi méjèèjì sórí òṣùwọ̀n fúnra yín.

Ní báyìí, "Nọ́ọ̀sì, ọyàn mi ti gbẹ." Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù lórí fóònù mi lóṣù kẹrin yẹn. Mo máa ń ní kí ìyá kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ọkọ kò tíì gba owó oṣù. Ọmọ méjì mìíràn wà nílé tí ilé ìwé ti lé padà. Alájọgbélé ń wúkọ́. Lálẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń jó táyà ní ìkóríta, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò nítorí ìròyìn olè tó gba Èkó àti Ògùn kan, kò sì sí ẹni tó ń sùn. Òun nìkan ló ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Mo wá ní, "Ìlédìí mélòó lọ́mọ tọ̀ sí lónìí?" Á kà á: méje, mẹ́jọ. Ọmọ tó ti pé bí ọjọ́ márùn-ún, tó ń mu ọyàn nìkan, tó sì tọ̀ sí ìlédìí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tó ń sanra, ọyàn ń yó o. Ọyàn tó rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbẹ, ara ló ti mọ ìwọ̀n tí ọmọ ń fẹ́.

Kànga tí wọ́n bá ń fà ni omi rẹ̀ máa ń sun. Bí ọmọ bá ṣe ń mu tó ni họ́mọ̀nù kejì, prolactin, ṣe ń ní kí ara pèsè òmíràn tó, òru ló sì máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi mílíìkì agolo rọ́pò ọyàn òru kó lè sùn, ara rẹ̀ á rò pé ọmọ kò fẹ́ mọ́. Ìpayà kò gba wàrà lára obìnrin. Ohun tí ìpayà, ìrora àti ìbànújẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń dá oxytocin dúró, wàrà á wà nínú ọyàn, kò ní tètè tú. Ọmọ á fà, á fà, á bínú, á ké. Ìyá á ní ó ti gbẹ. Ọkọ á lọ ra agolo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti gbẹ lóòótọ́. Ohun tó lè yí i padà kì í ṣe oògùn. Kí ẹnìkan ra á lẹ́yìn díẹ̀, kó fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láyà, kó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú rẹ̀, kó kó ọmọ méjì yẹn jáde fún wákàtí kan. Wákàtí kan yẹn ni kò sí lóṣù kẹrin ọdún 2020. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní ẹmu pé ó ń mú ọyàn wá. Ọtí a máa dá wàrà dúró ni.

Ebi ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹni tó ń ta ata ní Sábó, ẹni tó ń ta ẹja ní Èbúté, ohun tó bá pa lónìí ló ń jẹ lọ́la. Ìjọba pín oúnjẹ díẹ̀ fún àwọn kan, ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn, kò dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìyá tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ìgbà díẹ̀ á ṣì ní wàrà. Ara rẹ̀ ló ń san gbèsè rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí n máa bínú sí ẹni tó bá ní kí abiyamọ tí ebi ń pa lọ ra mílíìkì agolo. Owó agolo kan lè ra ẹ̀wà àti ẹyin tí yóò bọ́ ìyá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹni tí yóò sì bọ́ ọmọ. Láti ọdún 1981 ni àgbáyé ti fọwọ́ sí ìlànà pé kí àwọn tó ń ta irú mílíìkì bẹ́ẹ̀ má ṣe polówó rẹ̀ fún aráàlú, kí wọ́n má sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìyá ọmọ. Ìgbà ìpọ́njú ni wọ́n máa ń rántí àánú. Mi ò bá ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á jà o. Àwọn kan wà tí wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́, nọ́ọ̀sì yín á sì sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tó yà mí lẹ́nu. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọyàn nìkan. Àwọn tó kù ń mu omi, àgbo, glucose, ohun tí ìyá ìyá bá ní kí wọ́n mu. Àwọn ìyá kan wà níbí tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta tí kò ṣeé ṣe fún wọn rí láti fún ọmọ ní ọyàn nìkan, àfi ọmọ kónílé-ó-gbélé. Kí ló fà á? Kò sí ẹni tó wá. Àwọn àlejò ìkómọ tí ń gbé ọmọ kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́ kò sí. Ẹni tó ń ní, "Ẹkún òùngbẹ lọ́mọ yìí ń sun," kò sí. Ìyá kan ní ẹ̀gbẹ́ Èbúté wí fún mi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun gbọ́ ohùn ọmọ òun dáadáa.

Ọkọ náà sì wà nílé. Ẹ̀yin bàbá, mi ò fẹ́ dójú tì yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọkùnrin Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó á kúrò nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kó tó di pé gosíló Mile 12 mú un, yóò sì wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ẹlòmíràn kò rí ojú ọmọ rẹ̀ lójú mọmọ àfi ọjọ́ Àìkú. Lọ́dún yẹn ó wà nílé lọ́sàn-án, ó rí i pé ọmọ tuntun lè mu ọyàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ọ̀sán àti òru, pé jíjókòó tí ìyàwó jókòó yẹn, iṣẹ́ ni. Àwọn kan dìde ṣe oúnjẹ. Àwọn kan, mi ò ní purọ́, wọ́n sọ ara wọn di ọmọ kẹrin nínú ilé, obìnrin sì ní ẹni tó pọ̀ sí i láti bọ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bi mí pé kí ni ká ṣe tí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé, mi ò kọ́kọ́ máa ń sọ ti ìbòmú. Ẹ̀yin ìyá àgbà, a fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Kí ìjọba tó bá tún ti ọ̀nà pa rántí pé ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ, òṣìṣẹ́ pàtàkì ni, kí wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fún awakọ̀ tó ń kó tòmátì. Kí ilé ìwòsàn má gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó lè gbé e. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìgò àgbo yẹn gbélé, ọwọ́ yín nìkan la fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tún kù. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìsinmi ìbímọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì fún bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí dára, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó ló wà nínú yàrá yìí? Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún gbogbo abiyamọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin lẹ gba ara yín síṣẹ́. Ẹ sọ fún ìyálọ́jà yín pé kó wá igun kan tí aṣọ bò, tí àga wà, nínú ọjà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ìyá àgbà kan nawọ́, ó ní gbogbo ohun tí mo sọ dára, àmọ́ nínú oru Ìkòròdú yìí, ṣé òùngbẹ kò ní gbẹ ọmọ tí kò mu omi fún oṣù mẹ́fà? Mo dá mọ́mì lóhùn pé omi ni bí ìdá 88 nínú ìdá 100 wàrà ọyàn. Tí oru bá mú, kí ìyá ni mu omi, kí ọmọ mu ọyàn léraléra. Wọ́n ní, "Àwa fún yín lómi, ẹ sì yè." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní òótọ́ ni, mọ́mì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sin àwọn tí kò yè nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé àwọn á ro ó.

Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló béèrè ìkẹyìn. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ padà síbi iṣẹ́ ní Victoria Island, ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Mo ní kó fún ọmọ lọ́yàn kó tó jáde, kó fún wàrà sínú ife tó mọ́ kó tó lọ, kó gbé kúlà kékeré tó ní yìnyín dání kó lè fún òmíràn níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, kó sì jẹ́ kí ọmọ mu ọyàn bó bá ṣe fẹ́ tó lóru. Ìwọ bàbá, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ife fún ọmọ. Ó ní òun á kọ́ ọ, àmọ́ ọ̀gá ìyàwó òun kò ní gbà kó kúrò lórí ìjókòó lọ́sàn-án, ì báà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ọ̀gá náà. Ó fún mi. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni n ó pè é.